Ìgbà Eré Lábẹ́ Ojú Ọ̀run: Bí Ó Ṣe Ń Ṣiṣẹ́ ní Ìkòròdú àti Ẹ̀pẹ́

Ẹni tí ó bá gbé ìtàgé kalẹ̀ ní etí ọ̀sà Ẹ̀pẹ́ nínú oṣù kẹfà, òjò ni yóò kọ́kọ́ débẹ̀ ṣáájú àwọn òǹwòran. Oṣù náà ni òjò ń rọ̀ jù ní gbogbo agbègbè Èkó; omi tí ó ń dà sílẹ̀ nínú rẹ̀ nìkan máa ń tó 300 mílímítà. Oṣù kan náà yìí ni àwọn ará London ń jáde lọ wo eré ní Regent's Park, níbi tí wọ́n ti ní tíátà aláìlórùlé láti ọdún 1932, tí ìjókòó rẹ̀ lé ní 1,200. Tiwọn ń bẹ̀rẹ̀ ní oṣù karùn-ún, ó ń parí ní oṣù kẹsàn-án, nítorí pé ìgbà yẹn ni ara wọn ń móoru, tí oòrùn wọn kì í sì í wọ̀ ní oṣù kẹfà títí aago mẹ́sàn-án alẹ́ yóò fi kọjá. Bí a bá gbé kàlẹ́ńdà wọn wá sí Ìkòròdú bó ṣe wà, owó la fi ṣòfò. Àwa náà ní ìgbà eré tiwa, ó sì ti pẹ́ tí a ti ní in. Bí ó ṣe ń ṣiṣẹ́ ni mo fẹ́ là yé wa: ìgbà tí ó bọ́ sí, ibi tí ó yẹ ẹ́, ẹni tí ń sanwó rẹ̀, àti ohun tí ó mú kí apá kan rẹ̀ kú nígbà tí apá kejì ń gbilẹ̀.

Òjò wa kì í rọ̀ bákan náà jálẹ̀ ọdún. Ó ń bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kẹta tàbí ìkẹrin, ó ń le ní oṣù kẹfà àti ìkeje, ó ń dáwọ́ dúró díẹ̀ ní oṣù kẹjọ, ó tún ń padà wá ní oṣù kẹsàn-án àti ìkẹwàá kí ó tó dágbére. Láti àárín oṣù kọkànlá títí di òpin oṣù kejì ni ẹ̀ẹ̀rùn gidi, bí oṣù mẹ́ta àti ààbọ̀. Ìgbà eré tí kò nílò òrùlé nìyẹn. Àwọn kan máa ń fẹ́ lo ìdáwọ́dúró oṣù kẹjọ nítorí pé àwọn ọmọ ilé ìwé wà ní ìsinmi. N kò bá wọn wí, ṣùgbọ́n kò ṣeé gbára lé: ó lè pẹ́ lọ́dún yìí, kí ó má sì tó ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́ẹ̀mìíràn. Ẹ̀ẹ̀rùn nìkan ni ènìyàn lè fọwọ́ sọ̀yà fún.

Ẹ̀ẹ̀rùn náà ní wàhálà tirẹ̀. Ọyẹ́ ń fẹ́ ní oṣù kejìlá àti oṣù kìn-ín-ní, ó ń gbẹ ọ̀fun òṣèré, eruku rẹ̀ sì ń wọ inú ẹ̀rọ. Ṣùgbọ́n ìgbà yẹn náà ni ìlú kún. Àwọn tí wọ́n ń gbé ní ìdálẹ̀ ti wálé fún Kérésìmesì àti ọdún tuntun, owó wà lọ́wọ́, ìnáwó sì wọ́pọ̀ ní gbogbo òpin ọ̀sẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó fi mú oṣù kejìlá nígbà Gómìnà Akínwùnmí Ambode, tí wọ́n ń ṣe àríyá ìta gbangba tí wọ́n pè ní One Lagos Fiesta káàkiri ẹ̀ka márùn-ún ìpínlẹ̀ náà, ìyẹn Ìkẹjà, Bádágìrì, Ìkòròdú, Èkó àti Ẹ̀pẹ́. Orin ló gba ibẹ̀ ju eré oníṣe lọ, àmọ́ ó fi hàn pé èrò ń jáde, pé wọn kì í bínú pé kò sí òrùlé, pé Ìkòròdú àti Ẹ̀pẹ́ kò sì kéré jù láti gbàlejò.

Aago tí eré yóò bẹ̀rẹ̀ kì í ṣe ohun tí a kàn ń fi ẹnu dá. Ní Èkó, ọjọ́ tí ó gùn jù nínú ọdún kò fi wákàtí kan ju èyí tí ó kúrú jù lọ. Oòrùn ń wọ̀ láàárín aago mẹ́fà ààbọ̀ sí bí aago méje, yálà ẹ̀ẹ̀rùn ni tàbí òjò. A kò ní ìrọ̀lẹ́ gígùn tí àwọn òyìnbó ń lò láti fi ṣe eré wákàtí mẹ́ta láìtan iná. Nítorí náà ọ̀nà méjì ló wà. Ọ̀kan ni kí eré bẹ̀rẹ̀ ní bí aago mẹ́rin kí ó sì parí kí ilẹ̀ tó ṣú, èyí tí kò ná wa ní owó iná kankan. Èkejì ni kí a dúró kí ilẹ̀ ṣú tán, kí a wá lo iná. Ohun tí kò dára ni kí eré wà láàárín nígbà tí oòrùn ń wọ̀, nítorí pé ìmọ́lẹ̀ yóò máa yí padà lójú òǹwòran, àwọn Mùsùlùmí yóò sì dìde lọ kírun. Ní ìlú méjèèjì yìí, tí Mùsùlùmí pọ̀ nínú wọn gan-an, ìdajì àwọn èrò lè dìde lẹ́ẹ̀kan náà. Láàárín ìrun ìgbà tí oòrùn wọ̀ àti ìrun alẹ́, wákàtí kan àti díẹ̀ ló wà. Eré tí ó bá bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn aago mẹ́jọ kò ní ìdíwọ́ mọ́. Àwọn ẹgbẹ́ eléré àtijọ́ tí wọ́n máa ń ṣí eré wọn ní bí aago mẹ́sàn-án alẹ́ mọ ohun tí wọ́n ń ṣe. Àwọn oníṣòwò ti palẹ̀ mọ́, àwọn onírun ti kírun, àwọn ìyá ti fún ọmọ lóúnjẹ.

Ààwẹ̀ Rámádánì tún wà níbẹ̀. Lọ́dún 2025 ó bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù kẹta, lọ́dún 2026 ó wọ inú oṣù kejì. Ó túmọ̀ sí pé fún ọdún díẹ̀ tí ń bọ̀, ẹ̀ẹ̀rùn wa yóò ní oṣù kan nínú tí kò ní ṣeé lò fún eré ọ̀sán rárá, tí àwọn tó ń fi alẹ́ jọ́sìn kò sì ní ráyè wò. Ẹni tí ó bá ń ṣètò ìgbà eré ní Ẹ̀pẹ́ láìwo oṣù lójú ọ̀run, òun nìkan ni yóò wo eré náà.

Ọ̀rọ̀ ibi tí a ó gbé ìtàgé sí dùn mọ́ mi nínú púpọ̀, nítorí pé ìlú méjèèjì ní ohun tí ọ̀pọ̀ ìlú ńlá kò ní. Ìkòròdú jókòó sí ìhà àríwá ọ̀sà Èkó. Ẹ̀pẹ́ jókòó sí ìhà àríwá ọ̀sà tirẹ̀, èyí tí ó so ọ̀sà Èkó pọ̀ mọ́ ọ̀sà Lẹ́kì. Afẹ́fẹ́ òkun ń fẹ́ láti gúúsù wá, ó ń gba orí omi kọjá wọ inú ìlú ní ọ̀sán títí di ìrọ̀lẹ́. Ohùn ènìyàn sì ń bá afẹ́fẹ́ lọ. Bí àwọn òṣèré bá kọ ẹ̀yìn sí omi, tí àwọn òǹwòran kọjú sí omi, afẹ́fẹ́ yóò máa gbé ọ̀rọ̀ wọn lọ bá èrò. Bí a bá ṣe é ní òdìkejì, ohùn yóò máa padà sẹ́yìn, òṣèré yóò máa pariwo títí ohùn rẹ̀ yóò fi ha, ẹni tó jókòó sẹ́yìn kò sì ní gbọ́ ju ìlù lọ. Ohun tí kò ná ènìyàn ní kọ́bọ̀ nìyí, ó sì lè gba owó ẹ̀rọ gbohùngbohùn là.

Oòrùn ni a tún ní láti wò. Ní oṣù kejìlá, bí aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ bá lù, oòrùn ti wà ní ọ̀nà gúúsù àti ìwọ̀-oòrùn, yóò sì máa ta sí ojú ọ̀tún ẹni tó kọjú sí omi tààrà. Kí a yí ìtàgé díẹ̀ sí ọwọ́ òsì òǹwòran, sí ìhà ìlà-oòrùn, ojú yóò tù wọ́n. Jẹnẹrétọ̀ ní tirẹ̀, ẹ̀yìn èrò ni ààyè rẹ̀, ní ìhà àríwá pátápátá, kí afẹ́fẹ́ lè máa gbé ariwo àti èéfín rẹ̀ lọ. Wáyà rẹ̀ yóò gùn sí i, ìyẹn ni owó tí a ó san. Mo ti rí ibi tí wọ́n ti gbé e sẹ́yìn ìtàgé nítorí wáyà kúkúrú, tí ìjíròrò ọba àti olorì kò sì yé ẹnikẹ́ni lálẹ́ ọjọ́ náà.

Ní Ẹ̀pẹ́, bèbè omi kò jìnnà sí ìgbòkègbodò ìlú. Ọjà ẹja Olúwo ń pariwo láti òwúrọ̀; ìrọ̀lẹ́ ni ó yẹ kí eré gba ìlú lọ́wọ́ rẹ̀. Ní Ìkòròdú, yàtọ̀ sí àwọn èbúté, ojúde ààfin Ayangburẹn ṣì ni ibi tí ènìyàn ti mọ̀ láti ìgbà ìwáṣẹ̀ pé bí ohun kan bá fẹ́ ṣẹlẹ̀, ibẹ̀ ni yóò ti ṣẹlẹ̀. Ìyẹn náà ní iye lórí. Ibi tí ẹsẹ̀ ènìyàn ti mọ̀ kò nílò ìpolongo púpọ̀.

Eré ìta gbangba kò ní ògiri, èrò fúnra wọn ni ògiri rẹ̀. Bí ìlù bá ti dún, wọn ó pa agbo. Àwọn ọmọdé ni yóò kọ́kọ́ dé, wọn ó jókòó sílẹ̀. Ẹ̀yìn wọn ni àwọn tó rí àga jókòó, ẹ̀yìn ìyẹn ni àwọn tó dúró, ẹ̀yìn pátápátá sì ni àwọn tó gun tábìlì àti orí ọkọ̀. Ìtò yìí ń ṣẹlẹ̀ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni pàṣẹ rẹ̀, ó sì dára ju ọ̀pọ̀ gbọ̀ngàn lọ nítorí pé ẹni kúkúrú ni iwájú, ẹni gíga ni ẹ̀yìn. Iṣẹ́ olùṣètò ni kí ó má bà á jẹ́. Àṣìṣe tí ó wọ́pọ̀ jù ni kí a to àga ńláńlá àwọn èèyàn pàtàkì sí iwájú, kí a sì lé àwọn ọmọdé sẹ́yìn. Agbo yóò tú. Àwọn ọmọdé yóò gun igi, èrò ẹ̀yìn yóò máa tì síwájú, ọlọ́pàá yóò bẹ̀rẹ̀ sí í yọ kóńdó.

Ibi tí agbo bá ti tóbi, ojú òṣèré kò hàn sí ẹni ẹ̀yìn mọ́. Nítorí náà ni àwọn àgbà tó dá eré sílẹ̀ nílẹ̀ Yorùbá ṣe fi ara, aṣọ, ìbòjú àti ìlù sọ ohun tí ojú kò lè sọ. Ìwé ìrìn àjò Hugh Clapperton sọ bí ó ṣe wo irú eré bẹ́ẹ̀ ní Ọ̀yọ́ Ilé ní oṣù kejì ọdún 1826. Ẹ kíyè sí oṣù náà: inú ẹ̀ẹ̀rùn ni. Àwọn eégún aláré kọ́kọ́ jó nínú àpò tó bò wọ́n láti orí dé ẹsẹ̀. Lẹ́yìn náà ni wọ́n mú ère jáde: òjòlá ńlá ń yọ jáde láti inú àpò, ó ń gbé orí sókè, ó ń ká ara rẹ̀. Níkẹyìn ni òyìnbó jáde, funfun báláú, ó tín-ín-rín, ó ń rọra gbé ẹsẹ̀ bí ẹni tí kò wọ bàtà lórí ilẹ̀ dídì, ó ń fín áṣáà, ó sì ń fi ọwọ́ ra ọwọ́. Ariwo àti ẹ̀rín èrò gba ìlú kan, wọ́n sì ń rọ Clapperton pé kí ó fojú sí i. Ẹ wò ó dáadáa, kò sí ohun kan nínú eré mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tí ẹni tó wà lẹ́yìn pátápátá kò ní rí. Àpò tó ń jó, ejò tó gùn ju ènìyàn lọ, ìrìn tó yàtọ̀ sí ìrìn wa. Ìmọ̀ iṣẹ́ ìta gbangba nìyẹn, òun sì ni àwọn alárìnjó gbé kiri láti ìlú dé ìlú: ìjúbà ní ìbẹ̀rẹ̀, ijó, idán, eré kéékèèké tó ń fi àlejò àti oníwà àìtọ́ ṣẹ̀sín, orin ìdágbére.

Owó wọn ńkọ́? Alárìnjó kì í gba owó ní ẹnu ọ̀nà, nítorí pé kò sí ẹnu ọ̀nà. Ọba tàbí ọlọ́lá tó pè wọ́n ni yóò tọ́jú wọn, èrò yóò sì ta wọ́n lọ́rẹ. Nígbà tí Hubert Ògúńdé, ọmọ Òsósà nítòsí Ìjẹ̀bú-Òde, dá ẹgbẹ́ rẹ̀ sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ oojọ́ lọ́dún 1945, ọ̀rọ̀ owó yí padà. Òṣèré tí ń gba owó oṣù kò lè gbẹ́kẹ̀ lé ọrẹ. Ó ní láti jẹ́ pé ẹni tí yóò wò yóò san kí ó tó wò. Nítorí èyí ni àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ àti àwọn tó tẹ̀lé e, ti Kọ́lá Ògúnmọ́lá, Dúró Ládiípọ̀, Oyin Adéjọbí, Móṣẹ́ẹ̀sì Ọláìyá tí gbogbo ayé mọ̀ sí Bàbá Sàlá, fi ń wá ibi tó ní odi: gbọ̀ngàn ìlú, gbọ̀ngàn ilé ìwé, àgbàlá òtẹ́ẹ̀lì. Àgbàlá òtẹ́ẹ̀lì ni èyí tí mo fẹ́ràn jù nínú wọn, nítorí pé ìta gbangba ni, ojú ọ̀run ṣí sílẹ̀, ṣùgbọ́n odi yí i ká, ẹnu ọ̀nà kan ṣoṣo ló ní, àga àti ọtí sì wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀.

Bí wọ́n ṣe ń ṣe ìlú kan nìyí. Alákòóso á ti ṣáájú wá gba àyè, á sì san owó ìdúró. Ní ọjọ́ eré, ọkọ̀ ẹgbẹ́ á wọ ìlú, gbohùngbohùn wà lórí rẹ̀, wọn á máa yí àdúgbò po pẹ̀lú ìlù àti orin, wọn á máa kéde orúkọ eré. Ìpolongo ọjọ́ kan ṣoṣo yìí ló ń kó èrò jọ. Ní ìrọ̀lẹ́ wọn á so aṣọ ìtàgé, wọn á tan jẹnẹrétọ̀. Orin àti ijó ìbẹ̀rẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ wáyé, tí ẹni tó pẹ́ dé yóò sì fi ráyè wọlé láìpàdánù ìtàn. Lẹ́yìn náà ni eré gan-an. Ní ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́, a kì í kọ ọ̀rọ̀ sílẹ̀. Ọ̀gá á sọ ìtàn, á pín ipò, olúkúlùkù á sì máa wá ọ̀rọ̀ tirẹ̀ bí eré ti ń lọ. Bí èrò bá rẹ́rìn-ín sí ibì kan, ibẹ̀ á gùn sí i lálẹ́ ọ̀la ní ìlú kejì. Eré tí wọ́n bá fi bẹ̀rẹ̀ ẹ̀ẹ̀rùn kì í jẹ́ ohun kan náà nígbà tí òjò bá fi dé. Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, wọ́n ti ṣí.

Gbogbo ẹrù yìí, orí ènìyàn kan ló wà, ìyẹn ọ̀gá ẹgbẹ́. Ọkọ̀ tirẹ̀ ni, ohun èèlò tirẹ̀ ni, oúnjẹ àwọn òṣèré, owó àyè, epo, gbogbo rẹ̀ ni ó ń dá gbé. Fíìmù dé: Àjàní Ògún tí Ọlá Balógun darí jáde ní 1976, pẹ̀lú Adé Folayan tí a mọ̀ sí Adé Love, Ògúńdé náà sì gbé eré rẹ̀ Ayé lọ sórí fíìmù lẹ́yìn náà. Eré tó wà lórí fíìmù lè wà ní ìlú púpọ̀ lálẹ́ ọjọ́ kan láìsí pé òṣèré kankan kúrò nílé. Náírà já wálẹ̀ láti 1986, epo àti ohun èèlò ọkọ̀ gbówó lórí, àwọn adigunjalè gba ọ̀nà lóru, fídíò sì dé kí àwọn ọdún 1980 tó parí. Ohun tí ó ń wọlé ní ẹnu ọ̀nà kò tó ohun tí ń jáde mọ́. Èrò kò kọ eré sílẹ̀, bí a ṣe ń sanwó rẹ̀ ló wó. Ó ń dùn mí pé a sábà máa ń sọ ìtàn náà bí ẹni pé àwọn òǹwòran ni wọ́n da àwọn òṣèré.

Ẹ jẹ́ ká wá wo ohun tí kò kú. Ní oṣù kejìlá ọdún 1851, ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì yìnbọn lu Èkó, wọ́n lé Ọba Kòsọ́kọ́ kúrò lórí ìtẹ́, wọ́n dá Akíntóyè padà síbẹ̀. Kòsọ́kọ́ gba ojú omi lọ sí Ẹ̀pẹ́ nílẹ̀ Ìjẹ̀bú pẹ̀lú àwọn ìjòyè àti jagunjagun rẹ̀, Òṣòdì Tápà wà nínú wọn. Ibẹ̀ ni ó ti bá àwọn Gẹ̀ẹ́sì ṣe àdéhùn ní ọjọ́ 28 oṣù kẹsàn-án ọdún 1854, kò sì padà sí Èkó títí di 1862. Àwọn kan lára àwọn tó bá a lọ kò padà mọ́. Àwọn ọmọ wọn ni Èkó-Ẹ̀pẹ́ tí ń gbé ẹ̀gbẹ́ Ìjẹ̀bú-Ẹ̀pẹ́ dòní, àwọn ni wọ́n sì ń ṣe ọdún Káyókáyó láti fi rántí dídé náà.

Káyókáyó ń tẹ̀lé Iléyá, ìyẹn ni pé kò dá ìgbà ara rẹ̀ yàn. Iléyá bọ́ sí ọjọ́ 28 oṣù kẹfà ní 2023, ọjọ́ 16 oṣù náà ní 2024, ọjọ́ kẹfà rẹ̀ ní 2025. Ọjọ́ mẹ́wàá sí méjìlá ló fi ń sún síwájú lọ́dọọdún, yóò sì yí gbogbo ọdún po láàárín bí ọdún 33. Lásìkò tí à ń sọ yìí, inú òjò ló wà. Láti nǹkan bí 2034 títí di 2042 ni Iléyá yóò bọ́ sínú ẹ̀ẹ̀rùn. Síbẹ̀ èrò ń kún ní Ẹ̀pẹ́ lọ́dọọdún. Báwo ló ṣe ń bọ́ lọ́wọ́ òjò tí eré oníṣe kò lè bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀? Èkíní, ó ń rìn. Ẹni tó ń rìn lè yà sábẹ́ ilé kan, kí òjò dá, kí ó máa bá ijó rẹ̀ lọ. Kò sí ìtàn tó já láàárín. Èkejì, ìdílé àti ẹgbẹ́ ni wọ́n ń gbé e. Ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ló ń ra aṣọ tirẹ̀, ló ń bẹ onílù tirẹ̀, ló ń ṣe àlejò ara rẹ̀. Bákan náà ni Ojúde Ọba ní Ìjẹ̀bú-Òde, ní ọjọ́ kẹta Iléyá, níbi tí àwọn règbérègbé, ìyẹn àwọn ẹgbẹ́ ọlọ́jọ́ orí kan náà, ti ń fi ẹwà wọn han Awùjalẹ̀, ọba ìlú náà, tí àwọn ìdílé Balógun sì ń gun ẹṣin wọlé. Àwọn ilé iṣẹ́ ńláńlá ń dá sí Ojúde Ọba nísinsìnyí, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá yọwọ́ lọ́la, règbérègbé yóò ṣì jáde. Ẹni tó ń wòran ní irú ibẹ̀ ni ó tún ń ná owó, òun náà ló ń jó. Kò sí ọ̀gá ẹgbẹ́ kan tí gbèsè yóò pa.

Omi náà jẹ́ ìtàgé ní agbègbè yìí. Ẹ̀pẹ́ ní ọdún Okosi tí ọkọ̀ ojú omi ti ń díje lórí ọ̀sà, tí èrò sì ń tò sí bèbè láti wò. Àwọn Ìjẹ̀bú etí omi ní àwọn ìbòjú tó dúró fún ẹ̀mí omi, tí àwọn onímọ̀ rí i pé ó bá ti àwọn Ìjọ́ lápá ẹnu odò Ọya tan. Ohun tí eré orí omi fi dára fún olùṣètò ni pé omi fúnra rẹ̀ ń pààlà: kò sí ẹni tí yóò tì wọ inú ìtàgé, kò sí ẹni tí yóò jókòó sí ibi tí kò yẹ, bèbè gígùn sì ń fún gbogbo ènìyàn ní iwájú. Ohun tó fi le ni pé ohùn kì í dé. Ìlù, orin àti àwọ̀ aṣọ ló ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀.

Àṣẹ jẹ́ ohun tí a kò gbọ́dọ̀ fi falẹ̀. Ìjọba ìbílẹ̀ àti ọlọ́pàá ni òfin mọ̀, ààfin ni ìlú mọ̀. Ní Ìkòròdú pàápàá, kí a tó tẹ ìwé ìpolongo kan, kí a kọ́kọ́ béèrè ní ààfin ọjọ́ tí Orò yóò jáde, ní pàtàkì ní ìgbà ọdún Magbó, nítorí pé obìnrin kì í jáde ní irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀, ọ̀pọ̀ ọjà àti òpópónà á sì dá. Ààfin máa ń kéde rẹ̀ ṣáájú, nítorí náà kò sí àwáwí.

Owó tí à ń ná lé òṣèré lórí náà ní òfin tirẹ̀ báyìí. Òfin Báńkì Àpapọ̀ ti ọdún 2007 sọ ọ́ di ẹ̀ṣẹ̀ láti máa fọ́n náírà káàkiri tàbí láti jó lórí rẹ̀. Ẹ̀wọ̀n tí kò dín ní oṣù mẹ́fà tàbí owó ìtanràn ni, tàbí méjèèjì, láti ọdún 2024 sì ni wọ́n ti ń mú ènìyàn fún un dáadáa. Kí a gbé igbá tàbí àpótí síwájú ìtàgé, kí ẹni tí inú rẹ̀ dùn jù ú síbẹ̀. Kí a sì ti fẹnu kò ṣáájú pé ti ta ni owó inú igbá: onílù tó ki oríkì ni, tàbí gbogbo ẹgbẹ́? Ìjà tó ń tú ẹgbẹ́ eléré ká, ibẹ̀ ló ti sábà máa ń bẹ̀rẹ̀.

Ó wù mí kí eré oníṣe padà sí bèbè omi wa fún ẹ̀ẹ̀rùn kan gbáko, mo sì gbà pé ó ṣeé ṣe. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2012, ẹgbẹ́ Renegade Theatre láti Èkó, tí Wọlé Oguntokun darí, lọ ṣe Ìtàn Ògìnìntìn, eré Shakespeare tí wọ́n sọ di Yorùbá, ní Globe ní London, tíátà kan tí agbedeméjì rẹ̀ kò ní òrùlé, tí kò sì jìnnà sí bèbè odò Thames. Èdè 37 ni wọ́n fi ṣe eré 37 níbẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Ṣàngó, Ọya àti Ògún ni àwọn tí ìtàn náà ń bá lò. Ibẹ̀ ni èrò 700 ti lè dúró wòran, ní páùn-ún márùn-ún péré nígbà náà, wọ́n sì súnmọ́ òṣèré tó bẹ́ẹ̀ tí ọwọ́ wọn lè kan ìtàgé. Agbo wa náà nìyẹn, tí wọ́n fi igi kọ́. Bí eré Yorùbá bá lè wáyé lábẹ́ ojú ọ̀run London, kí ló lè dí i lọ́wọ́ ní Ẹ̀pẹ́?

Ẹ̀pẹ́ tilẹ̀ ní ọ̀kan nínú àwọn gbọ̀ngàn eré mẹ́rin tí ìjọba Ambode kọ́, àwọn mẹ́ta yòókù wà ní Bádágìrì, Ìgándò àti Orégùn. Gbọ̀ngàn náà lè jẹ́ ibi ìgbaradì, ibi ìpamọ́ aṣọ àti ibi tí eré yóò sá sí bí òjò àìròtẹ́lẹ̀ bá dé. Ní Regent's Park wọn kì í dá owó padà nítorí òjò. Tíkẹ́ẹ̀tì ọjọ́ mìíràn ni wọ́n ń fún ni. Tiwa lè sàn jù bẹ́ẹ̀. Kí àwọn ẹgbẹ́ ìlú, àwọn règbérègbé, àwọn ẹgbẹ́ ọjà àti ẹgbẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àtijọ́ ra alẹ́ kọ̀ọ̀kan pátá, kí alẹ́ kan jẹ́ ti àwọn ẹlẹ́ja, òmíràn ti ẹgbẹ́ àwọn tó jọ jáde nílé ìwé. Wọn ó wọ aṣọ ẹgbẹ́jọdá wá, wọn ó pe àlejò tiwọn, ilẹ̀ iwájú yóò sì jẹ́ ọ̀fẹ́ fún àwọn ọmọdé. Owó ẹnu ọ̀nà yóò wá di àfikún, kò ní jẹ́ òpó tí ilé gbára lé.

Ọ̀nà àtilọ ilé ló kù. Wọn kò gba ọkọ̀ ojú omi láyè láti máa gbé èrò lóru, ọ̀nà Ìkòròdú àti ọ̀nà Ẹ̀pẹ́ sì lè dí pa lálẹ́ ọjọ́ ìsinmi. Nítorí náà eré alẹ́ jẹ́ ti àwọn tó ń gbé ìlú, kí ó sì wà ní ọjọ́ Ẹtì. Èyí tí a bá fẹ́ kí àwọn ará Èkó wá wò, kí a ṣe é ní ọ̀sán Sátidé, kí ó bẹ̀rẹ̀ ní aago méjì, kí ó sì parí ní aago mẹ́rin, kí wọ́n lè bá ọkọ̀ ní èbúté Ìpakodò ní Ìkòròdú kí ilẹ̀ tó ṣú.